Àgbò Rẹ Ń Sùn Lábẹ́ Fáànù

Ìbíyẹmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà dáadáa, ṣé òtútù Barking ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn ń ro tiyín? Bọ́ọ̀sì tí ń gbé ọ jáde ní Thames View kò ní gbé ọ pàdé aburú. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní àfi kí n kọ òtítọ́ sínú lẹ́tà yìí kí òun tó fún mi ní oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ àgbò òkè Ọya tí o rà fún mi ni. O ní kí n jẹ́ kó gun àwọn àgùntàn kéékèèké wa, pé ọmọ tí wọ́n bá bí á tètè dàgbà kí a tó já wọn lẹ́nu ọmú. Ó yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbò náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ga tó ìbàdí mi, mo ní irú ẹni iyì báyìí kì í rìn kiri ààtàn, Iléyá sì ń bọ̀, olè á gbé e. Mo bá so ó mọ́ pálọ̀ lábẹ́ fáànù, mò ń fún un ní ewé ìyeyè, àlejò ń wá kí i. Àwọn abo àgùntàn ní tiwọn ń jẹ̀ káàkiri bí ìṣe wa. Nígbà tí wọ́n lóyún, mo gbé ọrẹ ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi so ọkọ ìyàwó mọ́lẹ̀, n ò bi ara mi léèrè ẹni tó fún wọn lóyún.

Wọ́n bímọ, gbogbo ọmọ jọ àgbò bíńtín ti Ṣẹ̀fíátù aládùúgbò wa. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní ká fi fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi wò wọ́n ná. Mo dojú bolẹ̀, mo gbé e sún mọ́ imú ọmọ àgùntàn, ó sì tóbi nínú rẹ̀ bí ọmọ màlúù. Mo ní ojú mi ló ti di bàìbàì, fóònù tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá kò lè parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n ń sanra nínú fóònù, wọn ò kúrò lójú kan nílẹ̀. A ti já wọn lẹ́nu ọmú báyìí, ológbò ló ń lé wọn kiri.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé o ní o ti fi fọ́tò náà han ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Rippleside, pé wọ́n fẹ́ dáwó ra irú àgbò bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ wa, kí n jẹ́ ọ̀gá. Jọ̀wọ́, dá wọn dúró. Wọn ò mọ̀ mí, ìwọ ni wọ́n mọ̀, orúkọ rẹ ni yóò bàjẹ́. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ò gbọ́n tó bó ṣe rò. Kí ojú ti èmi, kó má ti ìwọ.

Lánàá mo tú àgbò sílẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo àwọn àgùntàn, ó wo oòrùn, ó padà wá dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mú iná lọ, tí fáànù dúró, èmi ló ń ké mọ́.

Owó tí mo ń tọrọ ni ti igi àti ìṣó, kí n fi ṣe ọgbà, kí òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀ wà nínú, kí àgbò Ṣẹ̀fíátù wà níta. Bí owó bá kù, fi wọ ọkọ̀ wá sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ. Mo ń rí wọn nínú fóònù o, wọ́n ga, ṣùgbọ́n mi ò gba fóònù gbọ́ mọ́.

Ọlọ́run á dá wọn sí, ojú wa á bá wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrójayé