Ẹyin Alhaja

Jímọ̀, 8 Nòfẹ́ńbà 2024
Raheem ọkọ mi kó ẹja dé láti Igbókòdá. Ó já ìjàpá òkun kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó fẹ̀ ju ọpọ́n ìfọṣọ mi lọ! Àwa ará Ọ̀kà, kí la mọ̀ nípa òkun? Mo já ewé ẹ̀gẹ́ fún un – ìjàpá ṣáà ni. Kò jẹ ẹ́. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Alhaja, bó ṣe ń forí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń kírun.

Àbámẹ́ta, 9 Nòfẹ́ńbà
Alhaja yé ẹyin sórí yanrìn tí a fẹ́ fi mọ ògiri. Mẹ́rìnlélógún, funfun, roboto. Mo bẹ Raheem kó dá a padà. Ó ní ṣé kóun tún gbé ìjàpá lọ kí àwọn ẹbí ẹ̀ ni. Alfa Ismaheel ní ohun inú òkun ò léèwọ̀. Wọ́n pa á. Èmi ni mo sè é. Mo jẹ níbẹ̀ – n ò ní purọ́ fún ìwé mi. Ó dùn.

Àìkú, 10 Nòfẹ́ńbà
Raheem ní apẹja tó tà á sọ pé láyé bàbá òun, wọ́n pọ̀ débi pé èèyàn ń yà fún wọn létí òkun. Lọ́dún yìí, ẹyọ kan yìí lòun rí. Ẹyọ kan! A sì ti jẹ ẹ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an.
Mo kó ẹyin sábẹ́ adìẹ mi tó ń sàba. Kí wọ́n ṣáà pa, màá gbé wọn dé òkun fúnra mi. Kódà bó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Jímọ̀, 29 Nòfẹ́ńbà
Mò ń yí wọn láàárọ̀, mò ń yí wọn nírọ̀lẹ́, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ẹyin ò bàjẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Limota aládùúgbò ń pè mí ní Ìyá Ìjàpá. Kó máa pè mí lọ.

Àbámẹ́ta, 14 Dìsẹ́ńbà
Ó ti sú adìẹ, ó dìde. Mo fi òmíràn rọ́pò.

Àìkú, 5 Jánúárì 2025
Zulaykha àbúrò mi wá kí wa, ẹni tó ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì Àkùngbá. Ó rí ẹyin, ó fò sókè. Ó wá béèrè ta ló fi èédú sàmì sí wọn. Mo ní èmi ni, kí n lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo ti yí.
Ó jókòó. Ó ní ti adìẹ là ń yí. Ti ìjàpá òkun, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lé e, a kì í yí i mọ́. Ọmọ á já kúrò lára èèpo, á kú síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ̀."
A fọ́ wọn wò, mẹ́rin. Òórùn ni.

Ajé, 6 Jánúárì
Láàárọ̀ yìí, mo ti yí mẹ́ta kí n tó rántí.