Ẹ Dá Ewúrẹ́ Jẹ́láàní Padà

Ifangni,
15 oṣù kẹta, 1982.

Ẹ̀gbọ́n mi Fábíyìí,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Kí ìwé yìí bá ẹ̀yin, ìyàwó yín àti àwọn ọmọ nínú àlàáfíà ní Lagbé. Níbí, kò sí àlàáfíà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìdí ọkọ̀ ojú omi Jẹ́láàní ti lu kó tó gbé Ọ̀ṣuntóyìn àbúrò wa kúrò ní Àjàṣẹ́. Jẹ́láàní mọ̀, òun ló fi àkísà àti ọ̀dà dí i. Awakọ̀ mọ̀. Délégué, aṣojú ìjọba ní èbúté, rí omi nínú ọkọ̀, ó ní, "La lutte continue, ìjàkadì ń tẹ̀síwájú, ẹ máa lọ," ó yí ẹ̀yìn padà. Wọn ò tíì dé Àgbádárìgì tí pákó fi là, tí ẹ́ńjìnì fi já lu ẹsẹ̀ ọmọ yẹn.

Dókítà ní egungun rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, Kútọnu nìkan ni wọ́n ti lè tò ó. Bí a bá pẹ́, wọ́n á gé e. Agbára wa ò ká a. Jẹ́láàní ló yẹ kó sanwó ìtọ́jú rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè fi dandan mú un. Mo ti gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Sìdíkátù, ọ̀rẹ́ Ọ̀ṣuntóyìn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, ti gbà láti jẹ́rìí.

Àṣé ẹ̀yin ti parí ẹ̀ lẹ́yìn mi! Akọ̀wé ilé ẹjọ́ wò mí lónìí: "Madame, ẹ̀gbọ́n yín ti gba ẹ̀bẹ̀, ó ti gba ewúrẹ́ ọkùnrin náà, ó ti jẹ obì rẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?" Jẹ́láàní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyáàfin Kọ́mẹ́ẹ̀sì, ìwé okòwò tó o kà ní Kútọnu, ṣé ó kọ́ ẹ láti máa bá àgbà jiyàn?"

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Ẹni tó ṣẹ̀ á kó àwọn àgbà lẹ́yìn, á dọ̀bálẹ̀, á fa ewúrẹ́ àti obì kalẹ̀. Olórí ẹbí á ní ó ti tán, ó sì tán nìyẹn. Ká ní èébú ló bú wa, mi ò ní janpata. Ẹsẹ̀ kì í ṣe èébú. Ta ló bi Ọ̀ṣuntóyìn léèrè? Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ fún Sìdíkátù pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹbí wa lójú àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba. Orúkọ wo ló máa kù fún wa bí wọ́n bá gé e lẹ́sẹ̀?

Akọ̀wé náà ní ẹni tó gba ẹ̀bẹ̀ nìkan ló lè wá sọ níwájú adájọ́ pé ẹsẹ̀ ò sí nínú ohun tí òun dárí jì. Bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá, adájọ́ á pa ẹjọ́ náà tì.

Nítorí náà, ẹ má pa ewúrẹ́ yẹn. Ẹ fà á padà fún Jẹ́láàní lójú àwọn àgbà tó bá a wá. Obì tí ẹ ti jẹ, ẹ ra òmíràn fi dípò. Kí ẹ sì wà ní ilé ẹjọ́ Àjàṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó fi rí gbogbo wa lórí ìdúró.

Èmi àbúrò yín tó ń bẹ̀ yín,
Victoire.

Ẹ tún gbọ́: Ọ̀ṣuntóyìn ò tíì mọ̀ pé ẹ ti gba ẹ̀bẹ̀. Láàárọ̀ yìí, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún: "Má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n wa ń bẹ lẹ́yìn mi."