Ìgbín Òkun Fún Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kejì, 1956
Mo wàásù ìmọ́tótó ní ọjà Òdòdé. Omi, ẹ sè é. Ẹran, ẹ sè é. Ohun tí iná bá ti bá wí fún wákàtí kan, kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ wolé-wolé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú bọ̀. Ìyá kan bi mí bóyá kí òun se ọkọ òun náà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.

Òfin Mẹ́wàá kò rẹ́rìn-ín. (Bàbá Olúrónkẹ́ àfẹ́sọ́nà mi ni, katikíìsì. N kò lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ènìyàn lè jí kà.) Ó ní títí di Àjíǹde ni òun yóò fi wo ìwà mi, kí àwọn ènìyàn mi tó wá tọrọ ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹta
Lẹ́ńtì. Ẹran di èèwọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo jẹ iyán nílé Olúrónkẹ́. Ẹja inú ọbẹ̀ náà rù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé òun gan-an ń gbààwẹ̀.

Ọjọ́rú, 7
Àánú dé! Benedict, tí a jọ kọ́ṣẹ́, tí ó ń ṣe wolé-wolé létí òkun, fi àpò tútù kan ránṣẹ́ nínú lọ́rì agégẹdú. Ìkarahun òkun, láàyè, ó pa ìdérí méjì pọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà. Mo gbé e lọ sílé Olúrónkẹ́ tààrà.

"Ìgbín òkun nìyí," ni Màmá rẹ̀ wí.

Òfin Mẹ́wàá bi mí bóyá ẹran ni tàbí ẹja. Mo ní inú omi ni wọ́n bí i sí. Ó ní ọ̀nì ńkọ́? Nígbà tó yá, ó dá a láre: kò ní ẹ̀jẹ̀, ẹja ni. Ó pe àgbààgbà ìjọ mẹ́rin pé kí wọ́n wá bá òun jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká. Èjìká náà ṣì ń dùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 8
Màmá ń tọ́jú rẹ̀ bí ìgbín orí ilẹ̀: ọsàn wẹ́wẹ́, álọ́ọ̀mù. Wọ́n já ewé ìbẹ́pẹ sí i, kó lè jẹ ẹ́ kí inú rẹ̀ mọ́. Kò jẹ ẹ́. "Ìgbéraga ara etí òkun," ni Màmá wí. Wọ́n bi mí bóyá kò ní májèlé. Mo fọwọ́ sọ̀yà: "Ẹ sè é fún wákàtí kan, Màmá. Bó bá ṣe ẹnikẹ́ni, èmi ni kẹ́ ẹ bi."

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Lẹ́tà Benedict dé lọ́sàn-án.

"Olútúndé, má jẹ ẹ́! Òkun ti pọ́n láti ọjọ́ Ajé. Nǹkan wínníwínní kan wà nínú omi tí ìkarahun ń jẹ. Kì í pa ìkarahun náà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń pa. Ètè ènìyàn mẹ́jọ ti kú tipiri, ọ̀kan kò lè mí dáadáa. Gbogbo wọn ló sè é. Kò ní òórùn, kò yí adùn padà."

Mo dúró. Bí mo bá sọ pé iná kò ràn án, ta ni yóò gbà mí gbọ́ mọ́? Olúrónkẹ́ sì ńkọ́? Mo dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Ojú ìṣẹ́jú yẹn ń tì mí. Mo sáré.

Òfin Mẹ́wàá ṣì ń gbàdúrà orí oúnjẹ. Àdúrà rẹ̀ gùn púpọ̀ — fún ìgbà àkọ́kọ́, mo dúpẹ́. Mo kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́.

"Ṣebí ìwọ lo ní ká sè é?"
"Èmi ni, Bàbá."
"A sè é fún wákàtí méjì."
"Májèlé rẹ̀ kì í bá iná lọ, Bàbá. Mo sọ ohun tí n kò mọ̀."

Àgbà kan bi mí bóyá kí àwọn má se omi mọ́ nìyẹn. Mo ní ẹ sè é. Kòkòrò àrùn inú omi ń kú, májèlé yìí kì í ṣe ohun tó lẹ́mìí tí iná yóò pa.

Nígbà náà ni Màmá fọwọ́ kan ètè ara wọn. Wọ́n ti jẹ mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń tọ́ iyọ̀ wò. "Ó dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Mo rò pé ata ni."

A gbé wọn sínú lọ́rì, ó di ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Màmá ṣì ń mí.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Dókítà ní kò sí oògùn rẹ̀. Kí a ṣáà máa ṣọ́ èémí, títí ara yóò fi lé e jáde. Èmi àti Òfin Mẹ́wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó kan ògiri níbí, mo kan ògiri lọ́hùn-ún. Olúrónkẹ́ kò wojú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n bèèrè ibi tí ọbẹ̀ wà, kí adìyẹ má lọ jẹ ẹ́. Mo ní mo ti gbẹ́ ilẹ̀ kí lọ́rì tó gbéra, mo rì í mọ́lẹ̀.

"Àti ìkòkò?"
"Àti ìkòkò, Màmá."
"Ìkòkò ìyá mi!"

Ara wọn ti ń yá nìyẹn.

Ọjọ́rú, 14
Mo padà sí ọjà Òdòdé. Mo sọ ohun tí iná ń pa, mo sì sọ ohun tí kò lè pa. Òfin Mẹ́wàá wá dúró níwájú gbogbo èrò.

"Ta ló sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohun tí iná kò ràn?"
"Èmi ni, Bàbá."
"Ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó mi?"
"Èmi ni, sà."

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n ní:

"Lẹ́yìn Àjíǹde, kí àwọn ènìyàn rẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé oúnjẹ kankan lọ́wọ́."