Ibi Tí Màmá Fẹ́ Rí

Bàbá Jọmí,

A ti jáde o. Ẹ̀ ń hanrun lọ́wọ́, àánú yín ló ṣe mí. Àkàrà wà nínú kúlà.

Ẹ ya ètò tí ẹ lẹ̀ mọ́ fìríìjì yẹn dànù. Ibi mẹ́fà lọ́jọ́ kan, fún ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Mo kà á fún Màmá láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo dé orí Àpáta Zuma, wọ́n ní, "Àpáta kẹ̀? Ìyàwó mi, ṣé àpáta ló wọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni?" Jọmílójú rẹ́rìn-ín títí tí tíì inú ife rẹ̀ fi dà sí i láṣọ.

Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n ní géètì ọ́fíìsì yín. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti fi ń gbàdúrà lé ibi iṣẹ́ yẹn lórí láràárọ̀, wọn ò fojú kàn án rí. Ojú tì mí fún àwa méjèèjì.

Etí adágún Jábì la kọ́kọ́ ń lọ, torí a ti ṣèlérí ọkọ̀ ojú omi fún Jọmílójú. Ẹ pàdé wa níwájú géètì yín ní Gàríkí láago méjìlá. Mo mọ̀ pé Sátidé ni, ẹ má rojọ́. Màmá ní ìta géètì tó àwọn.

Ẹ má wọ ṣòkòtò péńpé wá o! Mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yín. Ẹ fi káàdì ọ́fíìsì kọ́rùn láti ilé. Fọ́tò yín ni Màmá fẹ́ gbé lọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn náà fojú rí ẹni tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún.

Ìyá Jọmí