Ọmọ Tó Ń Tẹ̀lé Àgbàrá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Ìgandò.

Ní kíláàsì lónìí, Àǹtí Bísí ní kí kálukú sọ ohun tí wọ́n máa ń tìtorí ẹ̀ bá a wí nílé. Káfáyátì ní òun máa ń tú aago ògiri. Èmi sọ ti àgbàrá: bí omi bá ti ń wọlé wa, tí gbogbo èèyàn ń gbẹ́rù, èmi á máa tẹ̀lé e lọ sókè àdúgbò, kí n lè rí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Mọ́mì á ní, "Ṣé omi ló bí ẹ ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ mà nìyẹn. Àwọn ẹnjiníà kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà omi ni wọ́n ń là."

Iṣẹ́! Mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Dádì fẹ́ kí n ṣe. Màá sọ fún wọn ní Sátidé tí wọ́n bá wà nílé pé ẹnjiníà omi lèmi fẹ́ ṣe; bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n bínú. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ò ní gbà ṣá.

Òjò ti ṣú. Mọ́mì ń gbé àpò gaàrí sórí tábìlì nígbà tí mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo ń retí ariwo.

Wọ́n kàn wojú mi. "Tóò, ẹnjiníà. Ibo lomi máa gbà wọlé lálẹ́ yìí?"