Bàtà Ìrọ̀rùn Gan-an

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ẹsẹ̀ òsì mi tó o mọ̀ yẹn, ó ti wú bí ìrọ̀rí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ò ń ṣe níbẹ̀ ń tì mí lójú. Bàbá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ẹ kí n tó bú ẹ. Mo ti kí ẹ.

Ìwọ náà lo sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó mọ bàtà rán bí ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe ní ọwọ́ rẹ̀ ni màá ti ra bàtà fún ẹsẹ̀ yìí. Tíṣà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ṣí fóònù rẹ̀, ó ní Bàtà Ìrọ̀rùn, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ, ní ojúlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo kí fóònù náà, kò dáhùn. Dípò kó kí mi, ó ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn ni mí, kí n máa tọ́ka sí àwòrán kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ orí mi! Mo tọ́ka sí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin, ó ní kí n wọlé.

A sanwó, bàtà dé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí mo ṣe ń wọ ìpàdé àwọn òbí, àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ já, òun dúró sẹ́nu ọ̀nà, èmi ń lọ níwájú. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mo bá pe ọ̀gá rẹ, mo bú u títí káàdì fi tán, mo ní gbájúẹ̀ ni, mo ní kò sí nǹkan rere tó lè kọ́ ọmọ mi. Ọkùnrin náà ló tún pè mí padà. Ó ní kí n má bínú, òun kọ́ lòun tà á, ojúlé kan wà tó ń jẹ́ Bàtà Ìrọ̀rùn Gan-an, ibẹ̀ làwọn oníbàárà òun ń ṣì wọ̀. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní kí n bi ọmọ mi.

Gan-an! Ìwọ tó o jẹun nínú abọ́ ọkùnrin yẹn fún ọdún mẹ́ta, o wá lọ gbé pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ò ń ṣọ́ ẹni tójú ẹ̀ ò ríran dáadáa. Tíṣà ní wọ́n máa ń ta orúkọ ojúlé inú fóònù, pé orúkọ náà wà nílẹ̀, o sì rà á. Èmi ló sọ ẹ lórúkọ, n ò rà á, n ò sì wo tọmọ aládùúgbò kọ. Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀, àmọ́ ojú mi ni tìrẹ fẹ́ sí. Fóònù tó ní kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí, nígbà tí ìwọ ń wọlé, ṣé kò bi ẹ́ ni?

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti gba ọ̀dà lọ́wọ́ káfíńtà, èmi fúnra mi ni màá wá kun pátákó náà, kí wọ́n gbé àkàbà dè mí nínú fóònù. Má fi owó bàtà kún un o. Ọ̀gá rẹ ti fi òmíràn ránṣẹ́ sí mi, kò gba owó, ó ní ìyá ọmọ òun ni mí. Òun ni mo wọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹsẹ̀ ò dùn mí mọ́, ọkàn ló ń dùn mí.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ẹ, á fún ẹ lórúkọ tìẹ, orúkọ tó o máa lè pè lójú ọ̀gá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ. N ò ní fi Gan-an kún un.