Màmá, Ẹ Sọ Àìsàn Yín fún Wọn

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jámánì níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Mo kí Kúnlé àbúrò mi, mo kí gbogbo ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, títí kan Àǹtí nọ́ọ̀sì tó máa ń bá yín wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìsìn. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí n dárúkọ àìsàn yẹn ní gbangba. Ẹ forí jì mí. Mo gbé lẹ́tà yìí síta nítorí pé mo mọ̀ pé ilé tiwa nìkan kọ́ ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Mo ṣì wà níbi tí a ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀. Òtútù ti dé, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí n tó ṣíwọ́. Tóní ọmọ mi ti ń sáré kiri, inú fóònù nìkan ló mọ̀ yín sí. Kò sí ẹni tí mo lè gbé e fún níbí kí n fi sùn díẹ̀. Ẹ mọ bí mo ṣe ń ka ọjọ́ tí ẹ máa dé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìwé ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò yín. Kúnlé ní kí n má wulẹ̀ dààmú ara mi, pé wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú ní Yábàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò páspọ́ọ̀tù, àti pé físà la sáà fẹ́ fi gbà. Mo ka ti Yábàá yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìsàn tó bá ti wà lára ènìyàn kó tó kúrò nílé kò kan àwọn. Mo wá èyí tó gbà láti tọ́jú àìsàn àtijọ́. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n mo rà á. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín sọ àìsàn náà tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè yín.

Wọ́n pè. Ọmọbìnrin tó pè bi yín bóyá ẹ ní àìsàn kankan, ẹ ní ara yín le koko, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó bi yín bóyá ẹ ń lo oògùn, ẹ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kúnlé ní òun wà níbẹ̀, òun tilẹ̀ ṣe àmín. Ọmọ ọlọ́mọ bá kọ ọ́ pé kò sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sì wà lórí fíríìjì, ẹ ti lò ó láàárọ̀ kí ẹ tó mu ògì.

Físà jáde, mo ń yọ̀, àfi ìgbà tí mo ka ẹ̀dà ìwé ìnṣọ́ránsì tí Kúnlé fi ránṣẹ́, tí mo rí i pé wọ́n kọ “kò sí” síbi àìsàn. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, pàápàá létí ẹni tí a ò mọ̀ rí. Màmá, olùkọ́ ni yín títí ẹ fi fẹ̀yìntì. Ọmọbìnrin yẹn ò kí yín o, ìbéèrè ló bi yín. Kúnlé wá ń bi mí iye ẹ̀gúsí tó yẹ kí ẹ dì wá. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ru níbí, wọ́n á wádìí, wọ́n á rí i pé ẹ fi nǹkan pamọ́, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀. Bí mo bá ká aṣọ di arúgbó, mi ò lè san owó ilé ìwòsàn ibí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi náà ò sàn jù yín lọ. Nígbà tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí pé fóònù mi bàjẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ń ru láti ìgbà tí mo ti bí Tóní. Aládùúgbò kan tí a kì í ṣe ju ká kí ara wa lọ ló bá mi mú ọmọ. Mo sọ fún yín pé ara mi le, a dúpẹ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á gbà fún láti tún ìwé náà ṣe, kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Bí ẹ ò bá pè, mi ò fẹ́ kí ẹ wá, bó ti wù kí àárò yín máa sọ mí tó.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó fi ọwọ́ yín gbé Tóní. Ẹ bá mi kí Àǹtí nọ́ọ̀sì àti gbogbo ará ilé. Bí ẹ bá ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán, ẹ pe èmi náà, kí ẹ bi mí bí ara mi ṣe rí. Màá sọ òótọ́ fún yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Fẹ̀yíṣàyọ̀